Àṣẹ Ìwọ̀lú Kì í Ṣe Àṣẹ Ìṣòwò

Ọmọ Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rin ìrìn-àjò òwò. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, kí mọ́tò tó dé, àwọn baba wa ti ń ru ẹrù láti ìlú dé ìlú, àwọn ìyá wa sì ti ń ná ọjà tí ó jìnnà sí ilé wọn ní ìrìn ọjọ́ púpọ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ni àwọn àgbà wí, àwa náà sì gbà pé òótọ́ ni. Nítorí náà, kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu ọ̀nà ni a ṣe mú gègé lọ́wọ́ lónìí. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ìrìn-àjò òwò ti yí padà, àti pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ń ta ilẹ̀ baba wọn láti lọ ṣòwò ní òkèèrè kò tíì mọ̀ pé ó ti yí padà.

Ní ayé àtijọ́, ibodè kan ṣoṣo ni oníṣòwò ń kọjá. Bí ó bá ti san owó ibodè, tí ó kí baálẹ̀, tí ó sì rí onílé tí yóò gbà á sílé, ó lè tẹ́ ìsọ̀ tirẹ̀ sí ọjà. Ní ayé òde òní, ibodè ti di méjì. Èkínní ni ibodè ìlú: ibẹ̀ ni a ti ń béèrè ìwé ìrìnnà àti físà. Èkejì ni ibodè ọjà: ibẹ̀ ni a ti ń béèrè irú òwò tí a fẹ́ ṣe, iye owó tí a kó wá, àti òfin tí ó fún wa ní ẹ̀tọ́ láti ṣe é. Ibodè èkínní ní ògiri, ó ní aṣọ́bodè, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ ibi tí ó wà. Ibodè kejì wà nínú ìwé òfin, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í mọ̀ pé ó wà títí di ọjọ́ tí wọn yóò bá àgádágodo ẹlòmíràn lẹ́nu ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ẹni tí ó bá kọjá ní ibodè èkínní a máa rò pé òun ti wọlé tán. Àṣìrò yìí ni ó ń sọ olówó di onígbèsè, tí ó sì ń dá ọmọ tí ó fi ayọ̀ jáde padà sílé pẹ̀lú omijé. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti ibi tí ó sún mọ́ wa jù lọ, kí a tó dé òkè òkun.

Ẹ̀kọ́ Tí Gáná Kọ́ Wa

Láti ìgbà tí a ti ń pe Gáná ní Gold Coast ni àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìníṣà, Èjìgbò, Ṣakí àti Ìgbòho ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta ohun èlò ilé, wọ́n kiri dé àwọn ìlú àríwá tí ó jìnnà sí etí òkun. Títí di òní, 'alata samina' ni àwọn ará Gáná ń pe ọṣẹ dúdú, orúkọ tí a fi ń pe àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ láti ayé àtijọ́, èyíinì ni Alátà, sì wà nínú rẹ̀ gbangba.

Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ilẹ̀ méjèèjì wà nígbà náà, owó kan náà ni a sì ń ná. Kò sí ẹni tí ó bi oníṣòwò pé níbo ni ìwé rẹ̀ wà. Nígbà tí Gáná gba òmìnira ní 1957, tí tiwa tẹ̀lé e ní 1960, ilẹ̀ kan ṣoṣo di orílẹ̀-èdè méjì, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ilé lánàá sì di àjèjì lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kò ka àyípadà yìí sí. Wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ti bímọ síbẹ̀, wọ́n ti gbọ́ èdè ibẹ̀. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ìwé ṣe?

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì péré fún ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún! Ọjà di títà lọ́pọ̀, gbèsè tí a jẹ wọ́n di ohun tí wọn kò lè dúró gbà, àwọn ọmọ tí a bí sí Kumasi àti Tamale, tí wọn kò mọ ojú ilé baba wọn rí, sì di èrò ọkọ̀ sí Nàìjíríà nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà nílé. Nígbà tí ó di 1970, Gáná tún ṣe òfin tí ó ya àwọn òwò kéékèèké sọ́tọ̀ fún ọmọ ìlú.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Owó wà lọ́wọ́ wọn, òye òwò wà lórí wọn, àwọn aládùúgbò wọn sì mọ̀ wọ́n sí ẹni iyì. Ìwé ni kò sí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n fún odidi ọgbọ̀n ọdún ni a wá béèrè lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ òtítọ́, kí a sọ ọ́ tán. Ní 1972, ìjọba ológun Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀, ó sì ya ọ̀pọ̀ òwò sọ́tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan: búrẹ́dì yíyan, aṣọ fífọ̀, irun ṣíṣe, takisí wíwà, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà títà ní ẹyọ-ẹyọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Alàgbà Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn ará Gáná ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àpò onílà tí wọ́n fi kó ẹrù wọn ni a ń pè ní 'Ghana Must Go' títí di òní. Ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọdún 1995 ni a tó ṣe òfin tuntun tí ó ṣí púpọ̀ nínú àwọn ìlẹ̀kùn òwò wọ̀nyí padà fún àjèjì.

A kò mẹ́nu ba èyí láti gbèjà ẹnikẹ́ni. A mẹ́nu bà á kí ó lè yé wa pé kò sí ìlú tí kì í ṣọ́ ìsọ̀ ọmọ rẹ̀. Bí àjèjì bá wá kọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò gba ọgọ́rùn-ún ènìyàn síṣẹ́, ìlú yóò fi ìlù pàdé rẹ̀. Bí ó bá wá pàtẹ ata àti tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá arúgbó tí ó ń pàtẹ ata àti tòmátì, ìlú yóò bojú wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Accra, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí ní Èkó.

Àdéhùn Lókè, Òfin Nílẹ̀

Àwọn olórí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gbìyànjú láti wo egbò yìí sàn. Ní oṣù karùn-ún 1975 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1979, ní Dakar, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ níbẹ̀. Àdéhùn 1986 fi ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ ṣiṣẹ́ kún un. Ti 1990 sì fi ẹ̀tọ́ láti dá òwò sílẹ̀ kún un. Bí a bá ka ìwé wọ̀nyí nìkan, a ó rò pé ìlẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ṣùgbọ́n àdéhùn ni a ń tọ́jú sí orí àjà. Òfin ìlú ni ọlọ́pàá ń gbé rìn. Òfin tí Gáná ṣe ní 2013 lórí òwò àjèjì sọ pé àjèjì tí ó bá fẹ́ máa kó ọjà òkèèrè wọlé tà gbọ́dọ̀ mú owó tàbí ọjà tí kò dín ní mílíọ̀nù kan dọ́là Amẹ́ríkà wá, kí ó sì gba ogún ọmọ Gáná tí ó mọṣẹ́ síṣẹ́, ó kéré tán. Fún irú òwò mìíràn, òfin náà béèrè 200,000 dọ́là lọ́wọ́ àjèjì tí ó bá ọmọ Gáná da òwò pọ̀, ó sì béèrè 500,000 lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ dá a ṣe. Ó sì ka àwọn òwò tí àjèjì kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn rárá: ìpàtẹ nínú ọjà, ìkiri, takisí tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tó 25, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ti onídìrí, omi inú ọ̀rá, ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá wa rò ó wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ta oko kòkó bàbá rẹ̀, tí ó wọ ọkọ̀ láti Èkó, tí ó gba Kútọnu àti Lomé kọjá sí Accra, kò rú òfin kankan ní ẹnu ibodè. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti wọlé. Àárọ̀ ọjọ́ tí ó pàtẹ ẹrù rẹ̀ ni òfin mú un, nítorí kò ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kò sì lè ní in bí ó tilẹ̀ ta gbogbo oko tí ó wà ní abúlé wọn. Ní 2019 àti 2020, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò Nàìjíríà pa ní Gáná. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, Alàgbà Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, tí ó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin nígbà náà, lọ sí Accra láti bá àwọn aṣòfin ibẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù keje 2025, àwọn kan tún wọ́de ní Gáná, wọ́n ń ké pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ sílé.

Ní ọdún 2025 yìí kan náà ni ìjọba Gáná kéde pé òun fẹ́ yọ iye owó tí a kọ sínú òfin 2013 náà kúrò. Èyí fi hàn pé òfin a máa yí, nígbà mìíràn sí rere. Nítorí náà, kí ẹni tí ń gbèrò ìrìn-àjò béèrè bí òfin ti rí ní ọ̀sẹ̀ tí ó fẹ́ gbéra gan-an. Kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ìbátan rẹ̀ sọ fún un ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Apá kan sì wà nínú òfin 2013 yìí tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ọjà jáde, àti òwò kíkó ọjà Gáná lọ sí òkèèrè, kò sí lábẹ́ iye owó tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ka òfin náà dé ìparí yóò rí i pé bí ó ti ń ti ilẹ̀kùn kan ni ó ń ṣí òmíràn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó kà á kí ó tó ta oko?

Lọ́dọ̀ Àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Bí ibi tí a kò ti béèrè físà lọ́wọ́ wa bá rí báyìí, kí ni kí a sọ nípa ibi tí a ti ń béèrè rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a mú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ti ní ará.

Ohun kan ń tan àwọn ènìyàn jẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn lè fi orúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Companies House láìfi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Lọ́ńdọ́nù. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí bá dé, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdarí, inú rẹ̀ yóò dùn, àwọn ẹbí yóò sì kí i. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò fún un ní ẹ̀tọ́ láti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Físà àbẹ̀wò pàápàá ní ààlà tirẹ̀: ó gba ènìyàn láyè láti lọ sí ìpàdé, láti bá oníbàárà dúnàádúrà, àti láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Kò gbà á láyè láti ta ọjà fún ará ìlú níbẹ̀, kò sì gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lọ pẹ̀lú físà ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ dá òwò sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Físà tí a dìídì ṣe fún adáwòsílẹ̀ wà. Ní ìgbà kan, owó ni wọ́n ń béèrè: 200,000 pọ́n-ùn ni ó wà nínú ìlànà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù kẹta 2019, àfi ní àwọn ọ̀nà kan tí 50,000 ti tó. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ béèrè 50,000. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 2023, wọ́n gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Innovator Founder kalẹ̀, wọn kò sì so iye owó kan pàtó mọ́ ọn mọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa gbọ́ èyí, àwọn kan jó, wọ́n ní ọ̀nà ti là.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ó ju eéje lọ. Nígbà tí wọ́n fi owó sílẹ̀, wọ́n di èrò-ọkàn mú. Ẹni tí ó bá fẹ́ físà yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé ìfọwọ́sí lọ́dọ̀ àjọ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn. Àjọ náà yóò sì wò ó bóyá òwò náà jẹ́ tuntun, bóyá ó yàtọ̀ sí èyí tí ó ti wà lọ́jà, bóyá ó lè dá dúró, àti bóyá ó lè dàgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ ta gààrí àti èlùbọ́ ní Peckham, òwò gidi ni ó fẹ́ ṣe, èrè sì lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òwò tuntun, nítorí àwọn ènìyàn wa ti ń tà á níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. A kò lè fi ẹ̀fọ́ rírò gba físà tí a ṣe fún ẹni tí ó hùmọ̀ ohun tí ẹnìkan kò hùmọ̀ rí.

Owó kò sì kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Àjọ afọwọ́sí ń gba 1,000 pọ́n-ùn, ó sì ń gba 500 fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan tí yóò fi yẹ òwò náà wò lẹ́yìn náà, irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní méjì. Láti oṣù kejì 2024, owó ìtọ́jú ìlera tí àgbàlagbà ń san ṣáájú ti di 1,035 pọ́n-ùn fún ọdún kan, èyí tí ó já sí 3,105 fún ọdún mẹ́ta tí físà náà fi ń ṣiṣẹ́. Owó físà fúnra rẹ̀ wà lọ́tọ̀, bí wọ́n bá sì kọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ìwé náà wò, kì í padà. Ó yẹ kí òǹkàwé wa mọ èyí kí ó tó fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó sì yẹ kí ó fura sí gbogbo abánigbàwé tí ó bá ní kí ó kọ́kọ́ gba físà àbẹ̀wò lọ, kí ó wá máa tajà ní kọ̀rọ̀ bí ó bá débẹ̀. Abánigbàwé yóò gba owó tirẹ̀ ní Ìkẹjà. Ẹni tí ó rán lọ ni a ó mú ní Lọ́ńdọ́nù.

Àdéhùn Ju Owó Lọ

Amẹ́ríkà ni ó fi ìparí ọ̀rọ̀ yìí hàn wá. Físà kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní E-2, tí a ṣe fún ẹni tí ó fẹ́ fi owó rẹ̀ dá òwò sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí ó sì máa darí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òfin ibẹ̀ kò kọ iye owó kan pàtó sílẹ̀ fún un. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni pé ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó ní àdéhùn òwò pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Làìbéríà ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láti 1939. Tógò ní in láti 1967. Nàìjíríà kò ní.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Ọmọ Ifẹ̀ kan wà ní Atakpamé ní Tógò, èdè rẹ̀ àti tiwa jẹ́ ìbátan, ìtàn rẹ̀ sì ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ mìíràn wà ní Ilé-Ifẹ̀ gan-an, owó rẹ̀ sì lè ju ti ará Atakpamé lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Nípa ti físà E-2, ìwé ìrìnnà ti Atakpamé ní ibi tí ó lè kàn sí. Ti Ilé-Ifẹ̀ kò ní. Kì í ṣe òye ni ó yà wọ́n, kì í sì í ṣe ìwà. Ìwé tí àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ tí ó ti pẹ́ ni.

Àwọn ọlọ́rọ̀ kan gbọ́n ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n lọ ra ìwé ọmọ-ìlú Grenada, erékùṣù kékeré tí ó ní àdéhùn pẹ̀lú Amẹ́ríkà, wọ́n sì fẹ́ fi í bọ́ sí E-2. Ní oṣù kejìlá 2022, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fi owó di ọmọ ìlú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé fún ọdún mẹ́ta gbáko kí ó tó lè béèrè. Bí owó bá ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú, òfin a tún wá a kàn.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń bá àwọn tí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òṣèlú sọ̀rọ̀ lónìí. A máa ń bi àwọn tí ń tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa nípa títì, nípa omi àti nípa iná mànàmáná, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n físà oníṣòwò kì í bẹ̀rẹ̀ ní ojú fèrèsé ilé aṣojú ìjọba òkèèrè. Inú yàrá tí àwọn ìjọba méjì ti jókòó kọ àdéhùn ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Àbújá lọ ṣojú wa, kí a bi í pé: àdéhùn wo ni ìwọ yóò bá wa béèrè? Kí ni ìwọ yóò ṣe kí ẹ̀tọ́ tí a kọ sínú àdéhùn 1990 lè wọ inú òfin àwọn ìlú tí ó fọwọ́ sí i, àti inú òfin tiwa náà? Èéṣe tí aṣojú wa fi ń dìde lẹ́yìn tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, tí kò sí ìwé kékeré kan ní èdè Yorùbá, Hausa àti Ìgbò tí ó ń sọ òfin òwò ìlú kọ̀ọ̀kan fún oníṣòwò kí ó tó kúrò nílé?

Iṣẹ́ Olùkọ́

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ yín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ yín ni bàbá tí kò mọ̀wé máa ń gbé lẹ́tà wá, ẹ̀yin ni ẹ máa ń ka fọ́ọ̀mù fún un, ọ̀rọ̀ ẹnu yín sì ni yóò gbé padà lọ bá àwọn ẹbí. Bí ọmọ tí ẹ ti kọ́ rí bá wá sọ fún yín pé òun fẹ́ lọ ṣòwò ní òkèèrè, ẹ má ṣe bú u, ẹ má sì ṣe gbàdúrà fún un nìkan. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin.

Èkínní: ìwé wo ni ó fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti ṣòwò níbẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí ó fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti wọlé? Bí ó bá fi físà àbẹ̀wò hàn yín, kò tíì dáhùn.

Èkejì: ṣé òwò tí o fẹ́ ṣe kò sí nínú èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ ìlú? Kí ó lọ wá òfin náà, kí ẹ jọ kà á. Ìjọba tí ó bá ń wá oníṣòwò kì í fi òfin òwò rẹ̀ pamọ́.

Ẹ̀kẹta: orúkọ ta ni ó wà lórí ìwé? Àwọn kan máa ń fi owó wọn dá òwò sílẹ̀ ní orúkọ ọmọ ìlú, nítorí òfin kò gba tiwọn. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ni ó ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ó ni owó yóò di ẹlẹ́rìí sí ẹrù ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: bí wọ́n bá kọ̀, kí ni yóò kù fún ọ nílé? Ìbéèrè yìí ni ó le jù, òun náà sì ni a kì í fẹ́ béèrè, kí a má baà dà bí ẹni tí ń fi ẹnu burúkú sìn ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ṣùgbọ́n ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a kọ́kọ́ gba ìwé ìfọwọ́sí, kí a gba físà, kí a mọ owó tí ó kù láti san, kí a tó pe ẹni tí yóò ra ilẹ̀.

Àwọn àgbà tí ó padà bọ̀ ní 1969 tún òwò bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ṣí ìsọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, àwọn kan padà sí Gáná nígbà tí ara rọ̀, wọ́n sì gba ìwé lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n rí ibi bẹ̀rẹ̀ ni pé agbo ilé baba wọn ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí. Físà tí a kọ̀ ní ọdún yìí lè di gbígbà ní ọdún tí ń bọ̀. Ilẹ̀ tí a ti tà, tí ẹni tí ó rà á ti fi búlọ́ọ̀kù ṣe odi yí ká, kò sí ilé ẹjọ́ tí yóò dá a padà. Kí àwọn ọmọ wa mọ èwo nínú méjèèjì ni wọn yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí ó kúrò lọ́wọ́ wọn.